Máńgòrò kún ilé wa: kí la lè fi ṣe kó má bàjẹ́?

Ìyá Ìbejì Akóbọ̀
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará wa. Igi ẹ̀yìnkùlé wa so gan-an lọ́dún yìí. Àpò 2 ló wà nílẹ̀, òmíràn ti pọ́n, òmíràn ṣì le. A ti pín fún àdúgbò, àwọn náà ní tiwọn. Iná kì í dúró, fírísà wa ò sì tóbi. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ká kọ́kọ́ ṣe?

Aláṣọ Bódìjà
Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Ìbejì. Ẹ tú u kúrò nínú àpò lónìí. Inú àpò máa ń gbóná, gbogbo ẹ̀ á pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó rà á sì kó bá ìyókù. Èyí tó le, ẹ tẹ́ ẹ sórí ẹní níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí wọ́n má gun ara wọn. Ẹ má gbé e sí fíríìjì kó tó pọ́n o! Òtútù á sọ ara ẹ̀ di dúdú, kò sì ní pọ́n dáadáa mọ́. Èyí tó fara pa ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ẹ gé ojú ibẹ̀ dànù. Tí ẹ bá rí ìdin nínú ẹ̀, tàbí tó ń rùn bí ọtí, ẹ sọ ọ́ nù.

Ìdáná Mọ́kọ́lá
Ẹ fi èyí tó pọ́n se jáàmù, kò nílò iná NẸ́PÀ. Ara máńgòrò kìlò 1, ṣúgà gíráàmù 700, omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí ńlá 4. Tó bá jẹ́ èyí tó ní okùn nínú, ẹ lọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sẹ́ ẹ kí okùn ẹ̀ kúrò. Ìkòkò tí ìdí ẹ̀ nípọn ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ máa ro ó kan ìdí, torí ibẹ̀ ló ti máa ń jóná. Ẹ má se ju kìlò 2 lọ lẹ́ẹ̀kan. Tó bá pọ̀, á pẹ́ lórí iná, àwọ̀ ẹ̀ á sì dúdú jù. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 30, ẹ kán díẹ̀ sínú àwo tó tutù, kẹ́ ẹ fìka tì í: tó bá hunjọ, ó ti jinná. Èyí tí kò bá dì, ọsàn wẹ́wẹ́ ẹ̀ ni kò tó lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ ti se ìgò onígíláàsì nínú omi fún ìṣẹ́jú 10 ṣáájú, kẹ́ ẹ bu jáàmù sí i nígbà tí méjèèjì ṣì gbóná. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá dé e, ẹ dá a padà sínú omi tó ń hó, kí omi bo ìdérí, fún ìṣẹ́jú 10 mìíràn.

Àgbẹ̀ Mọ́níyà
Ṣúgà wọ́n o. Ẹ lè sá díẹ̀ gbẹ, àmọ́ kì í ṣe nínú oòrùn àsìkò òjò yìí. Bí òjò bá ká a mọ́ ìta ṣáá, á bu. Ófùnù gáàsì ló dára: ẹ gé e kó nípọn tó mìlímítà 6, kí iná kéré pátápátá, kẹ́ ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀ díẹ̀. Ó lè gbà tó wákàtí 8 sí 12. Tẹ́ ẹ bá fà á ya tí kò ṣomi, ó ti gbẹ. Ti fírísà, ẹ kọ́kọ́ tẹ́ ẹ sórí tíréè kó dì kẹ́ ẹ tó kó o sínú ọ̀rá, kó má baà lẹ̀ mọ́ra. Ẹ kó nǹkan kún inú fírísà náà dáadáa, ẹ má sì máa ṣí i tí iná bá lọ. Èyí tó kún máa ń tutù pẹ́ ju èyí tó ṣófo lọ.

Ìyá Ìbejì Akóbọ̀
Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé mo lè dín ṣúgà jáàmù náà kù sí ìdajì?

Ìdáná Mọ́kọ́lá
Ẹ lè dín in kù, ṣùgbọ́n kò ní dì tó bẹ́ẹ̀, kò sì ṣeé gbé sórí pẹpẹ. Fíríìjì ni yóò máa wà, kẹ́ ẹ sì jẹ ẹ́ tán láàárín ọ̀sẹ̀ 2. Bí iná yín ṣe rí yẹn, ìgò kan tàbí méjì ni kẹ́ ẹ se bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ fún ìyókù ní ṣúgà tó pé.