Ẹ gbà mí o, mọ́tò mi kò yéé gbóná, owó sì ti tán lọ́wọ́ mi

Ìyá Ìbejì Tákìé: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Mọ́tò tí mo fi ń kó èlùbọ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí ọjà Àkẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ ni kò jẹ́ kí n sinmi láti oṣù tó kọjá. Mẹkáníìkì tí mo ń pè ní ọmọ mi, tí mo gbé aṣọ lọ síbi ìsọmọlórúkọ ọmọ rẹ̀, ló ní rédíétọ̀ tó ń mú omi ẹ́ńjìnì tutù ni. Mo ra rédíétọ̀. Ó tún gbóná. Ó ní fáànù ni, mo ra fáànù. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní, "Màmá, mọ́tò yín ti gbó." Ṣé bí ọmọ ṣe ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nìyẹn? Lọ́jọ́ Ẹtì, àpò èlùbọ́ mẹ́fà wà nínú ọkọ̀, òjò ṣú, oníbàárà ń pè, èmi wà lẹ́bàá títì ní Odò Ọbà tí èéfín ń rú bí ẹni ń yan ẹja. Ṣé kí n tà á ni?

Bàbá Àwẹ́: Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá. Ẹ ní kí wọ́n yọ tẹmọsítáàtì dànù. Oòrùn ilẹ̀ wa ti pọ̀ jù fún un. Mo ti yọ tèmi láti 2011.

Mẹkáníìkì Ọ̀wọ́dé: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà wọ́n nímọ̀ràn yẹn. Ilẹ̀kùn ni nǹkan yẹn. Bí ẹ́ńjìnì bá tutù, á tì, kí omi inú rẹ̀ lè tètè móoru. Bí ó bá gbóná dé nǹkan bíi 82 sí 95 Celsius, á ṣí, omi á gba inú rédíétọ̀ lọ gba atẹ́gùn. Èyí tó bá há tí kò ṣí mọ́, pípààrọ̀ ló yẹ ẹ́. Màmá, ẹ dá mi lóhùn: ṣé inú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ló ti ń gbóná, àbí lórí eré? Tí ọkọ̀ bá dúró ni fáànù ń ṣiṣẹ́ jù, lórí eré afẹ́fẹ́ ọ̀nà ń fẹ́ ẹ. Irú omi wo lẹ ń bù sí i? Ṣé ó ń jò? Àwọ̀ wo ni èéfín ẹ̀yìn rẹ̀?

Bàbá Àwẹ́: Kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń wa ọkọ̀.

Tíṣà Ìlọrà: Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ ṣe, ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó bá gbóná. Omi inú ìkòkò ń hó ní 100, ṣùgbọ́n ìhámọ́ ni tinú rédíétọ̀ wà, ó lè kọjá 110 kó má hó. Bí ẹ bá ṣí i pẹ́rẹ́, gbogbo rẹ̀ á hó jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tú sí mi lápá ní Fìdítì. Títí di òní, igunpá mi ń dán bí ọ̀rá.

Ọmọ Arówómọlé: Ẹ pààrọ̀ rédíétọ̀.

Tíṣà Ìlọrà: Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Ṣé ẹ ò kà á ni?

Abíọ́lá Sábó: Ẹ̀yin ìyá wa náà, ẹrù yín ti máa ń pọ̀ jù.

Ìyá Ìbejì Tákìé: Mi ò kó ẹrù jù o! Àpò mẹ́fà péré. Omi kànga ilé wa ni mo ń bù sí i, ó mọ́ gaara, òun náà la ń mu. Àràárọ̀ ni mo ń bu bíi lítà kan. Kò sì jò, abẹ́ ọkọ̀ gbẹ táútáú.

Mẹkáníìkì Ọ̀wọ́dé: Lítà kan lójúmọ́, ilẹ̀ sì gbẹ? Omi yẹn ń wọ ibì kan, màmá. Omi kànga náà kò dára fún un: ìpẹtà àti ohun funfun tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò á dí àwọn ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ inú rédíétọ̀. Kúláǹtì, omi olóògùn tí wọ́n ṣe fún rédíétọ̀, la ń lò. Tí ẹ́ńjìnì bá tutù, ẹ ṣí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí, kí ẹ wo abẹ́ ìdérí rẹ̀.

Ìyá Ìbejì Tákìé: Mo ṣí i. Nǹkan kan wà níbẹ̀ bí ògì tútù, ó ń yọ̀ lọ́wọ́. Mo ti rí i tẹ́lẹ̀, gírísì ni mo pè é. Kí n má purọ́: ọjọ́ àkọ́kọ́ tó gbóná, ilẹ̀ ti ṣú, ẹ̀rù ajínigbé ń bà mí. Abẹ́rẹ́ tó ń fi ooru ẹ́ńjìnì hàn ti kan pupa kí n tó kọjá Odò Ọbà, mo sì wà á dé Tákìé. N kò sọ fún ọmọ yẹn. Mo kàn ní ó gbóná díẹ̀ ni.

Mẹkáníìkì Ọ̀wọ́dé: Háà, màmá. Tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì ti lọ. Òun ló wà láàárín orí ẹ́ńjìnì àti ara rẹ̀, tó ń ya omi sọ́tọ̀ kúrò lára ọ́ìlì. Wọ́n ti pàdé báyìí. Ooru yẹn sì lè ti tẹ irin orí ẹ́ńjìnì. Ẹ má sítáàtì rẹ̀ mọ́, kí wọ́n wá fà á. Wọ́n á tú orí rẹ̀, wọ́n á gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ bó o kó tẹ́jú, kí wọ́n tó fi gáskẹ́ẹ̀tì tuntun sí i. Kí wọ́n da ọ́ìlì yẹn nù.

Bàbá Àwẹ́: Ẹ gbọ́ tirẹ̀, màmá. Ohun tó sọ yìí rí bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì Tákìé: Mo ti gbọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọkùnrin yẹn pè mí lánàá, mi ò gbé e. Ẹ jẹ́ kí n pè é báyìí, kí n sọ bí mo ṣe wà á lálẹ́ ọjọ́ náà fún un.