Awẹ́ ilẹ̀ ni mo fara mọ́, kì í ṣe àwo ilẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ̀gbọ́n wa kan dá a lábàá pé báyìí ni kí a máa ṣàlàyé bí òkè ayọnáyèéfín ṣe ń wáyé: "Àwọn àwo ilẹ̀ máa ń gbá ara wọn, iná inú ayé á sì tú jáde." Gbólóhùn náà dùn létí, ó sì rọrùn fún ọmọdé láti há sórí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tí ọkàn mi kò gbà: àwo, gbá, àti iná.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú àwo, tí ẹ̀gbọ́n fi túmọ̀ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní plate. Eèpo líle tó bo ayé ni à ń sọ, èyí tó nípọn tó nǹkan bí 100 kìlómítà ní ọ̀pọ̀ ibi, tó pín sí ńláńlá méje àti àwọn kéékèèké mìíràn. Wọ́n fara kanra pẹ́kípẹ́kí, síbẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan ń rìn lọ́tọ̀. Àwo kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ to àwo mẹ́wàá pọ̀, àlàfo á wà láàárín wọn. Ọ̀rọ̀ tí èdè wa ní fún ohun tó lẹ̀ mọ́ra tí ojú ìpín rẹ̀ sì hàn ni awẹ́, bí awẹ́ obì. Àwọn onímọ̀ gírámà wa ti lò ó ṣáájú wa: awẹ́ gbólóhùn kò ṣàjèjì sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan, kò sì sí ẹni tó ń rò pé obì ni wọ́n ń sọ. Nítorí náà, awẹ́ ilẹ̀. Ẹnì kan lè bi mí pé abẹ́ òkun ni awẹ́ Pàsífíìkì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà tán, ṣé ilẹ̀ nìyẹn náà? Ilẹ̀ ni. Òkun kàn bò ó ni.

Gbá ń kọ́? A gbá bọ́ọ̀lù, a gbá ènìyàn létí, ó parí lójú ẹsẹ̀. Awẹ́ ilẹ̀ kì í yára bẹ́ẹ̀. Bí àwọn awẹ́ abẹ́ òkun Àtìláńtíìkì ṣe ń ya kúrò lára ara wọn, nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 2 sí 3 ni òkun náà fi ń fẹ̀ sí i lọ́dún. Èékánná ọwọ́ wa ń hù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn kì í sì í fìgbà gbogbo kọlu ara wọn. Ní Áísìláǹdì, ńṣe ni awẹ́ méjì ń ya kúrò lára ara wọn. Ní etí Gúúsù Amẹ́ríkà, awẹ́ kan tó wà lábẹ́ òkun, tí wọ́n ń pè ní Nazca, ń rá wọ abẹ́ èkejì, òun ló sì fa àwọn òkè ayọnáyèéfín orí òkè Andes. Rá wọ abẹ́ ni mo mú, nítorí pé ìfà wà nínú rá. Ẹ má jẹ́ kí a tètè sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ. Kí ọ̀rọ̀-ìṣe náà kọ́kọ́ mọ́ wa lẹ́nu.

Iná ló dùn mí jù, torí òun ló ń ṣi ọmọdé lọ́nà. Abẹ́ eèpo ayé kì í ṣe òkun iná. Àpáta ni. Ó gbóná gan-an, ṣùgbọ́n ẹrù tó tẹ̀ ẹ́ kò jẹ́ kó yọ́. Kí ló wá ń yọ́ ọ? Níbi tí awẹ́ kan ti ń rá wọ abẹ́ èkejì, omi ni! Awẹ́ abẹ́ òkun ti mu omi fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Bó bá rá wọlẹ̀ tó nǹkan bí 100 kìlómítà, omi náà á jáde, á wọ inú àpáta gbígbóná tó wà lókè rẹ̀. Ooru tí kò lè yọ́ àpáta gbígbẹ a máa yọ́ èyí tí omi wọ̀. Ní ibi tí awẹ́ ti ń ya, kò nílò omi: ẹrù tó tẹ àpáta ló fúyẹ́, tó fi yọ́. Kò sí ohun tó ń jó níbì kankan nínú gbogbo èyí. Àpáta yíyọ́ ni kí a máa pè é.

Ẹ fi òkè Himalaya dán gbólóhùn ẹ̀gbọ́n wò. Awẹ́ Íńdíà àti ti Éṣíà forí gbárí níbẹ̀, òkè tó ga jù láyé ló sì ti ibẹ̀ yọ, síbẹ̀ kò sí òkè ayọnáyèéfín láàárín àwọn òkè náà. Ní Hawaii ẹ̀wẹ̀, àárín gbùngbùn awẹ́ Pàsífíìkì ni, ó jìnnà sí etí, òkè ayọnáyèéfín sì wà níbẹ̀. Ooru tó ń ti ìsàlẹ̀ gòkè wá ló fà á. Òpó ooru ni mo dábàá fún ìyẹn.

Èmi kò ní kí a pa òkè ayọnáyèéfín tì o. Ẹni tó dúró lókèèrè, iná àti èéfín lójú rẹ̀ máa rí, ohun tí ojú rí la sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Àlàyé ni mi ò fẹ́ kó gba ojú yẹn lọ.

Bí èmi yóò ṣe kọ ọ́ nìyí: "Bí awẹ́ ilẹ̀ abẹ́ òkun bá rá wọ abẹ́ èkejì, omi inú rẹ̀ á wọ inú àpáta gbígbóná tó wà lókè rẹ̀, àpáta náà á yọ́, á gòkè, á sì tú jáde lẹ́nu òkè ayọnáyèéfín." Ó gùn ju ti ẹ̀gbọ́n lọ. Ẹni tó bá lè gé e kúrú láìyọ omi kúrò nínú rẹ̀, kó jọ̀wọ́ kọ ọ́ wá.