Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní kí n wá wo Ohio State àti Michigan lọ́dọ̀ àwọn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Columbus ní ìpínlẹ̀ Ohio ni mò ń gbé, Ohio State ni mo ti kàwé, látìgbà yẹn ni mo ti ń ṣe ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wọn, Buckeyes. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fọwọ́ jù ni mò ń sọ o, kì í ṣe èyí tá à ń gbá nílé. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní tiwọn, Ann Arbor ni wọ́n ń gbé, Michigan ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tó bá mọ agbègbè yìí á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wa kọjá eré. Láti 1897 ni wọ́n ti ń pàdé, kódà ní 1835 ìpínlẹ̀ méjèèjì ti gbé ìbọn dojú kọra nítorí Toledo, bọ́ọ̀lù ò tíì wọ̀ ọ́ nígbà yẹn. Tó bá ti di ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa pàdé, gbogbo lẹ́tà M tó wà lára pátákó nínú ọgbà Ohio State ni wọ́n máa ń fi téèpù pupa fa X sí.

Ọ̀rọ̀ mi nìyí. November 30, 2024, Michigan wá bá wa nílé ní Columbus, èrò tó lé ní 100,000 ló wà ní pápá, òtútù yẹn ń wọ eegun. Michigan ti pàdánù eré 5 kí wọ́n tó dé, àwa pàdánù 1 péré, kò sẹ́ni tó rò pé wọ́n lè nà wá. 10-10 la jọ wà ní hááfù táìmù, látìgbà yẹn dé ìparí a ò rí pọ́ìntì kan mú mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n já bọ́ọ̀lù kọ́tábáàkì wa, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fáwọn yòókù, gbà lójú òfúrufú, ẹ̀ẹ̀mejì la gbá a tí kò gba àárín òpó. A ní Jeremiah Smith, a ní Emeka Egbuka, àwọn ọmọ tó lè sá mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, síbẹ̀ àárín gbùngbùn níbi tí Mason Graham àti Kenneth Grant ti Michigan dúró sí bí ògiri la tún ń gbé bọ́ọ̀lù lọ, a gbé e lọ, wọ́n dá wa dúró, a tún gbé e lọ! Nígbà tó kù díẹ̀, Mullings tiwọn gba bọ́ọ̀lù, ó sá 27 yáàdì, gbogbo pápá dákẹ́. Zvada, ẹni tó ń bá wọn gbá bọ́ọ̀lù sáàárín òpó, wá gbá a wọlé láti 21 yáàdì, 45 sẹ́kọ́ǹdì ló kù. 13-10. Wọ́n tún fẹ́ ri fúláàgì wọn mọ́ àárín pápá wa, ìjà bẹ́ sílẹ̀, àwọn ọlọ́pàá fín ata sí wọn lójú.

Ẹ̀yin á ní ṣebí ẹ̀yin náà lẹ gba ife gbogbo Amẹ́ríkà ní January 2025. A gbà á lóòótọ́, a na Tennessee, Oregon, Texas, a wá fi 34-23 na Notre Dame. Mo jó. Ṣùgbọ́n èyí tá a pàdánù yẹn ò kúrò lọ́kàn mi, ẹ̀ẹ̀kẹrin léraléra tí Michigan nà wá ni. Tí ẹ̀gbọ́n bá sì pè mí báyìí, “mẹ́tàlá sí mẹ́wàá” ni wọ́n fi ń kí mi kí wọ́n tó béèrè àwọn ọmọ. Àna mi ni wọ́n, mi ò lè dá wọn lóhùn.

Wọ́n ti wá ra tíkẹ́ẹ̀tì fún èmi àtọmọ mi ọkùnrin, November 29, 2025, lọ́dọ̀ wọn. Ìyàwó mi ní tí mi ò bá lọ, mo tàbùkù ẹ̀gbọ́n òun. Kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì: Lọ o jàre. Ẹni tó bínú sí ẹ kò ní fowó ẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì fún ẹ. Tí ìkíni yẹn bá ń dùn ẹ́, ìyàwó ẹ ni kó bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ sọ ọ́, ìwọ má dá sí i rárá.

Ọmọ Ìbàdàn: Mi ò mọ bọ́ọ̀lù yín yìí, àmọ́ ó yé mi. 1976 IICC, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wa, gbé ife Áfíríkà wá sí Ìbàdàn, 1977 Rangers ti Enugu lé wa dànù ní sẹmí, àwọn ló wá gbé ife lọ. Bàbá mi kì í sọ ti 1976 kí wọ́n má fi 1977 kún un, wọ́n á tún kanra. Nítorí náà má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún ẹ pé ife ti tó.

Ará Detroit: Ẹ kú ìrọ́jú sà. Michigan lèmi ń ṣe o. Láti 2012 títí dé 2019 ẹ̀yin lẹ ń nà wá, ẹ̀ẹ̀mẹjọ gbáko! 2016 ní Columbus, 30-27, lẹ́yìn àfikún àsìkò ẹ̀ẹ̀mejì, wọ́n ní J.T. Barrett, kọ́tábáàkì yín, dé ojú ìlà tó yẹ kó dé kẹ́ ẹ lè máa gbé bọ́ọ̀lù lọ, títí dòní mo ní kò dé bẹ̀. Mo wá síbẹ̀ lọ́dún yẹn, mi ò lè jẹun nígbà tí mo délé. Ẹ wá, ẹ wọ pupa yín, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn yín. Ẹ wọ ẹ̀wù tó nípọn, bẹ́ńṣì lásán la máa ń jókòó lé, ẹ mú nǹkan tẹ́ẹ máa fi tẹ́ ẹ dání.

Alàgbà Abẹ́òkúta: Èmi ò ní sọ pé kó lọ. Ọmọ wà pẹ̀lú ẹ̀, ohun tí bàbá bá ṣe nígbà tí inú bá ń bí i lọmọ máa rí. Kó jẹ́ kí ìyá ọmọ mú un lọ, kí òun dúró nílé wo tẹlifíṣọ̀n. Kò sí àbùkù níbẹ̀ tó bá pe àna ẹ̀ ṣáájú, tó fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ ṣàlàyé.

Ẹni tó béèrè: Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Alàgbà, ẹ ṣeun sà, ṣùgbọ́n ọmọ yìí ò ní gbà kí n jókòó sílé. Ọmọ Ìbàdàn, ìwọ lo mú ọ̀rọ̀ yẹn gan-an. Láti 1934, agbábọ́ọ̀lù Ohio State tó bá na Michigan máa ń gba ṣòkòtò wúrà kékeré kan, kò ju ohun téèyàn lè fi kọ́ ṣéènì lọ. Egbuka, Jack Sawyer, JT Tuimoloau, àwọn ọmọ tó wọlé ní 2021, wọ́n gba òrùka ife lọ, kò sẹ́nì kan nínú wọn tó rí ṣòkòtò yẹn gbà. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn, kì í ṣe yẹ̀yẹ́ ẹ̀gbọ́n. Àwọn ọmọ yẹn ṣiṣẹ́ fún wa, ó tọ́ sí wọn.

Mo ti pe ẹ̀gbọ́n láàárọ̀ yìí, mo ní à ń bọ̀. Ìyàwó mi náà ti bá wọn sọ̀rọ̀. Ará Detroit, US-23 la máa gbà, nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta, ọ̀sán gangan ni wọ́n sì máa ń bẹ̀rẹ̀. Níbo lèèyàn lè páàkì mọ́tò sí tí kò ní jìnnà sí pápá?