Ọkọ̀ pickup Ford F-150 (2018): sítíárìn fúyẹ́, ó sì ń dá fà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà awakọ̀. Sítíárìn ọkọ̀ yìí fúyẹ́ jù. Tí mo bá sún mọ́ ìlà lójú títì márosẹ̀, ó tún ń fà mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn 1: Kò bàjẹ́. Mọ́tò oníná ló ń ran sítíárìn lọ́wọ́, kì í ṣe pọ́ǹpù elépo; ìdí nìyẹn tó fi fúyẹ́. Lane assist, ìyẹn ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ yà kúrò láàárín ìlà, ló ń fà á. Kámẹ́rà ẹ̀yìn gíláàsì iwájú ló ń wo ìlà, bí eré bá ti kọjá 64 km ní wákàtí kan. Bọ́tìnnì rẹ̀ wà ní ṣóńṣó ọ̀pá trafficator. Nínú menu, "Alert" á kàn gbọn sítíárìn, "Aid" ló ń fà. Ẹ fi Intensity (bó ṣe le tó) sí Low (ìwọ̀nba).

Ìdáhùn 2: Ẹ̀gbọ́n, Intensity ò kan fífà o, gbígbọ̀n nìkan ló ń dín kù. Tẹ́ ò bá fẹ́ kó fà, Alert nìkan ni kẹ́ ẹ yàn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yà sí lane míì, ẹ kọ́kọ́ tan trafficator, kò ní bá yín jà. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe títì, tí ìlà àtijọ́ àti tuntun wà pọ̀, ẹ pa lane assist pátápátá.

Ìdáhùn 3: Ẹ wọn atẹ́gùn táyà láàárọ̀, kó tó gbóná, iye rẹ̀ wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Tẹ́ ẹ bá pa lane assist, tí ọkọ̀ ṣì ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ lọ ṣe alignment, ìyẹn títò táyà kó dúró gún.