Kókó ni àbí àṣùsè? Lórí gnocchi, elégédé àti "oúnjẹ ìtùnú"

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ìbàdàn ló fi ìlànà oúnjẹ kan tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá ránṣẹ́ sí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá: bí a ṣe ń se gnocchi (oúnjẹ àwọn ará Ítálì, tí wọ́n sábà ń fi pọ̀tétò àti ìyẹ̀fun ṣe ní ẹyọ kéékèèké) pẹ̀lú elégédé, oúnjẹ alẹ́ tí kò ní pẹ́ jinná. Wọ́n pe gnocchi ní "kókó ànàmọ́", wọ́n pe elégédé ibẹ̀ ní "elégédé òyìnbó", wọ́n sì kọ ọ́ sí òkè rẹ̀ pé "oúnjẹ ìtùnú" ni, ìyẹn comfort food tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń wí. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti ń lọ ti ń bọ̀. Ará wa kan ní Ṣábẹ̀ẹ́ ní ká kúkú pè é ní "ìkọ́kọrẹ́ òyìnbó". Ẹlòmíràn ní ká má wulẹ̀ da ara wa láàmú, ká kọ "nyọ́kì" sílẹ̀ ká máa lọ. N kò tíì dá sí i nítorí mo fẹ́ kọ́kọ́ sè é ná. Mo ti sè é báyìí, ẹ̀ẹ̀mejì, nínú ilé mi níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ìyá mi tó wá kí wa láti Kétu sì wà níbẹ̀ nígbà kejì. Ohun tí mo rí ni pé tí a bá fẹ́ sọ oúnjẹ lórúkọ, ohun tí ọwọ́ ṣe sí i ló yẹ ká wò, kì í ṣe ohun tó jọ lójú.

Ẹ̀gbọ́n kò ṣàdédé mú "kókó" o. Gnocco ni àwọn ará Ítálì ń pe ẹyọ kan, tó bá ti pọ̀ ó di gnocchi. Àwọn kan nínú àwọn tó mọ orírun èdè wọn so ó mọ́ nocchio, ìyẹn kókó ara igi, ibi tó yi tí àáké kì í fẹ́ wọ̀. Àwọn mìíràn so ó mọ́ nocca, oríkèé ìka ọwọ́. Èyí tí a bá mú nínú méjèèjì, "kókó" bá a mu rẹ́gí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, inú mi dùn pé a ti rí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé ìdáná. Nígbà àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ti ṣe sínú ọ̀rá ni mo rà ní Kútọ̀nù, kò sí wàhálà kankan nínú ẹ̀: omi hó, mo da iyọ̀ sí i, mo dà á sínú omi, kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta tí gbogbo rẹ̀ fi léfòó. Tó bá ti léfòó, ó ti jinná nìyẹn. Nígbà kejì ni mo fi ọwọ́ ara mi ṣe é. Mo se pọ̀tétò kílò kan tòun tèèpo, kí omi má baà wọ inú rẹ̀. Mo bó o nígbà tó ṣì ń gbóná, mo tẹ̀ ẹ́ fọ́ títí tó fi kúnná, mo da ìyẹ̀fun àlìkámà tó tó ìdámẹ́rin kílò sí i pẹ̀lú ẹyin kan. Pípò díẹ̀ ló fẹ́. Tí a bá pò ó jù, yóò yi lẹ́nu.

Màmá jókòó sórí àpótí, wọ́n bu díẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n ń yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́. "Kí lẹ pe èyí?"

"Kókó ni wọ́n pè é, Màmá."

Ọwọ́ wọn dúró. Wọ́n wo nǹkan náà, wọ́n wò mí. "Kókó kẹ̀? Ta ló rò ó?"

Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ dàgbà nílé tí wọ́n ti ń ro àmàlà ti mọ ohun tí ìbéèrè yẹn gbé dání. Kókó nínú oúnjẹ, ẹ̀sùn ni. Ó ń sọ pé omi kò hó dáadáa kí wọ́n tó da èlùbọ́ sí i, tàbí pé ọwọ́ ẹni tó di orógùn mú kò yá. Ìyàwó tuntun tí àmàlà rẹ̀ ní kókó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó mọ bí ojú ṣe ń rí. Kókó ara igi kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Kókó ọ̀rọ̀, ohun tí à ń wá gan-an ni. Ṣùgbọ́n tí kókó bá ti wọ inú ìkòkò, ó ti di àbùkù. Àwọn ará Ítálì kì í ro àmàlà, nítorí náà kò sí ohun tó ba ọ̀rọ̀ wọn jẹ́ nínú ìkòkò. Tiwa ti bàjẹ́ níbẹ̀ tipẹ́, a ò sì lè sọ fún àwọn ìyá wa pé kí wọ́n gbàgbé.

N kò tíì mọ èsì tí n ó fọ̀ tí Màmá tún fi béèrè pé: "Ṣé ká ṣù ú tán ká tó gbé omi kaná ni, àbí ká máa ṣù ú ká máa sọ ọ́ sómi?"

Wọ́n ti sọ ọ́. Ṣù ú, kí o sè é. Àṣùsè. Bí a ṣe ní àtúnṣe àti àdàkọ nìyẹn, kò sí ohun àjèjì nínú ìhun rẹ̀. Èyí tó jẹ́ ti pọ̀tétò, àṣùsè pọ̀tétò. Èyí tí wọ́n po elégédé mọ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní agbègbè Mantova, àṣùsè elégédé. (Lórí "ànàmọ́", mo bẹ ẹ̀gbọ́n: lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wa, ọ̀dùnkún ni ànàmọ́, èyí tó dùn. Ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́ lọ sọ́jà, nǹkan mìíràn ni yóò rà bọ̀.)

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò sọ pé wọn kì í ṣù ú, pé ńṣe ni wọ́n ń yí i gbọọrọ bí okùn tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ gé e, kí ló dé tí kò fi jẹ́ "àgésè"? Òótọ́ ni, mo yí i bẹ́ẹ̀ náà, mo sì gé e ní gígùn tí kò ju ìdajì ìka lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kàn pín in ni. Lẹ́yìn tí a gé e, a tún ń fi àtàǹpàkò yí ẹyọ kọ̀ọ̀kan lórí eyín àmúga kó lè ní ilà, kí ọbẹ̀ lè rí ibi dì mú. Ọwọ́ ló parí iṣẹ́ náà.

Ohùn ọ̀rọ̀ náà ló lè fa ìjàǹbá, n kò sì ní fojú fò ó. Tí ẹnì kan bá kọ "asuse" láìfi àmì sí i lórí fóònù, ẹ mọ ohun tí ojú ẹlòmíràn lè kà níbẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ ló wà lórí ṣù, kò sí ohun tó pa á pọ̀ mọ́ èkejì. Ìṣù àkàrà márùn-ún àti ẹja méjì wà nínú Bíbélì wa, tọmọdé tàgbà ń kà á sókè nínú ṣọ́ọ̀ṣì, n kò tíì rí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Àmì ohùn ni ká máa kọ. Ká má ju ọ̀rọ̀ dáadáa nù torí ọ̀lẹ ìka.

Ìkọ́kọrẹ́ ńkọ́? Ewùrà tútù ni wọ́n ń rin ṣe ìkọ́kọrẹ́, inú ìkòkò kan náà ni òun àti ọbẹ̀ rẹ̀ ti ń jinná pọ̀. Pọ̀tétò yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ló rí omi gbígbóná, ọ̀tọ̀ ni ọbẹ̀ rẹ̀. Àwọn Ìjẹ̀bú ni wọ́n sì ni ìkọ́kọrẹ́, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún wọn.

Ní ti "nyọ́kì", mo lòdì sí i pátápátá. A kì í to n àti y tẹ̀ léra bẹ́ẹ̀ nínú sípẹ́lì wa, kò sì sí ìdí fún un, nítorí y tiwa fúnra rẹ̀ máa ń gba imú tí fáwẹ́lì àránmúpè bá tẹ̀ lé e. Ẹ pe "iyán", kí ẹ gbọ́ ohun tí ahọ́n yín ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ yá a dandan, "yọ́nkì" ni kó kọ. Ṣùgbọ́n kí nìdí tí a ó fi yá a? Láti 1889 tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ti pín ilẹ̀ wa ni Kétu ti bọ́ sọ́wọ́ Faransé tí Mẹ̀kọ tó jẹ́ ti Kétu bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Mẹ̀kọ ń pe potato, àwọn ọmọ tèmi ń pe pomme de terre, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ tí a bá fi ṣù àti sè hun, kò sí èyí tí a ó tú fún nínú wọn.

Elégédé kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Èyí tó ní ọrùn gígùn, tí àwọn Faransé ń pè ní butternut bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yà kan náà ni pẹ̀lú ọ̀pọ̀ nínú elégédé tó wà lọ́jà wa, Cucurbita moschata ni wọ́n. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n sì ti ṣẹ̀ wá. Kí ni òyìnbó ń wá níbẹ̀? Elégédé ọlọ́rùn gígùn ti tó. Èyí tó rí rogodo ni mo lò: mo gé e wẹ́wẹ́, mo dín in pẹ̀lú àlùbọ́sà títí etí rẹ̀ fi pọ́n, mo da àṣùsè lé e. Àwọn ará Ítálì a máa fi bọ́tà àti ewé sage sí i. Efinrin tí àwọn Gùn ń pè ní tchiayo ni mo fi rọ́pò rẹ̀, mọ̀lẹ́bí ni òun àti sage. Mo gé wàrà Fúlàní sí i dípò wàrà tiwọn.

"Oúnjẹ ìtùnú" ló dùn mí jù, nítorí ó kà geere, kò sì sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Tù ló wà nínú ìtùnú, tù náà ló wà nínú ìtura, ṣùgbọ́n inú ni ti àkọ́kọ́, ara ni ti èkejì. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ là ń tù nínú. Tí mo bá gbé abọ́ lọ fún aládùúgbò tí mo ní "oúnjẹ ìtùnú rèé", yóò béèrè ẹni tó kú lọ́wọ́ mi. Oúnjẹ tí ènìyàn bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ní alẹ́ òjò tó jẹ ẹ́ tí èjìká rẹ̀ wálẹ̀, ara ló tù. Oúnjẹ amáratuni ni.

Ibì kan kù tí n kò tíì rí ojútùú rẹ̀. Ní Róòmù, wọ́n ní gnocchi kan tí wọ́n ń fi sẹmó àti mílíìkì rò, wọ́n á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ kó tutù, wọ́n á fi ife gé e roboto, wọ́n á sì yan án. Wọn kò ṣù ú, wọn kò sì sè é lómi. N kò fẹ́ kí a fi tipátipá pè é ní àṣùsè. Ẹni tó bá ti ṣe é rí nínú yín, ẹ sọ ohun tí ọwọ́ yín ṣe fún wa.