Ṣé Òkè Olúmọ tó ohun téèyàn ń torí ẹ̀ kúrò l'Ékòó?

Ìyá Kẹ́hìndé: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Àwọn ọmọ ti gba ọlidé, wọn ò sì jẹ́ kí n sinmi, àfi kí n mú wọn lọ sí Olúmọ l'Abẹ́òkúta torí tíṣà wọn sọ ọ́ fún wọn ní kíláàsì. Màmá mi náà láwọn ń bá wa lọ, ẹni ọdún 68, orúnkún sì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n mi wá ní kí n má fowó ṣòfò, pé òkúta lásán ni, ṣé kò sí òkúta l'Ékòó ni (kò kúkú sí, àfi èyí tí wọ́n fi ń da kọnkéré 😂). Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀, ṣé ó tó bẹ́ẹ̀? Báwo ni ti màmá ṣe máa jẹ́?

Akin_Yábàá: Mo ti lọ o. Mo gùn ún, mo ya fọ́tò, mo sọ̀ kalẹ̀, kò gbà mí ní wákàtí kan. Tó bá jẹ́ òkè lẹ fẹ́ gùn lóòótọ́, Ìdànrè ni kẹ́ ẹ lọ, àtẹ̀gùn tibẹ̀ lé ní 600, ilé àwọn ará àtijọ́ ṣì wà lókè lọ́hùn-ún.

Ọmọ Ẹ̀gbá Gidi: Akin, o sáré gùn ún o sáré sọ̀, kí lo wá fẹ́ rí? Ìyá Kẹ́hìndé, ẹ má wo tiẹ̀ jàre. Ohun tó wà ní Olúmọ ò sí lórí téńté, abẹ́ àpáta ló wà. Ibẹ̀ làwọn baba wa forí pamọ́ sí lásìkò ogun, lẹ́yìn tí Ṣódẹkẹ́, olórí wọn, kó wọn débẹ̀ ní 1830, ẹ máa rí àwọn ihò tí wọ́n ń lọ nǹkan nínú ẹ̀ lára òkúta fúnra ẹ̀, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ tó lè wọlé, ibẹ̀ gan-an làwọn ọmọ máa fẹ́ràn. Ẹ jẹ́ kẹ́ni tó mọ ìtàn ẹ̀ mú yín yíká o. Ojúbọ wà níbẹ̀, ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó gbé fóònù sókè.

Abẹ̀ní Aláṣọ: Ti màmá: lífítì wà, àmọ́ ẹ bèèrè ní géètì bóyá ó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹ má gbọ́kàn lé e. Tí kò bá ṣiṣẹ́, kí màmá jókòó síbi tó tutù nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ̀yin máa gùn ún lọ. Ẹ tètè lọ láàárọ̀, tóòrùn bá ti mú òkúta yẹn, ẹ máa jẹ́wọ́. Bí òjò bá rọ̀, ẹ sún un síwájú, ó ń yọ̀. Ẹ gbé rélùwéè láti Ẹ̀búté Mẹ́ta, Láderin lẹ máa bọ́ sílẹ̀, ẹ wá wọ tasín dé ìgboro. Bẹ́ ẹ bá ṣe tán, ọjà Ìtòkú ò jìnnà síbẹ̀ rárá, àdìrẹ lóríṣiríṣi, ẹ ná an dáadáa ṣá, iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ pè kì í ṣe iye ẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá Gidi: Kẹ́ ẹ sì jẹ láfún kẹ́ ẹ tó padà o!

Ìyá Kẹ́hìndé: Ẹ ṣeun gan-an ni. A ń lọ lọ́jọ́ Sátidé. Mo kà á fún màmá, wọ́n láwọn ò gun nǹkan kan, ọ̀nà Ìtòkú ni kí n fi han àwọn.