Finance ni mò ń kà, kí ni kí n mú mọ́ ọn?

Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Amẹ́ríkà ni mo ti ń ka finance, mo wá sílé ní Iléṣà fún họ́lídé, mo sì gbọ́dọ̀ mú major kejì, ìyẹn ẹ̀kọ́ pàtàkì kejì tí màá kà mọ́ ọn, kí n tó padà. Dádì ní accounting ni, torí kírẹ́díìtì (ìwọ̀n kọ́ọ̀sì téèyàn kà yege) 150 tí wọ́n sábà máa ń béèrè fún CPA, ìwé àṣẹ oníṣirò owó ní Amẹ́ríkà, digirii kan ṣoṣo ò sì ju bíi 120 lọ. Ṣùgbọ́n statistics ló ń wù mí, òun náà lè jẹ́ kí n fi oṣù 24 kún oṣù 12 tí wọ́n ń fún àwa tó wá láti òkè òkun ká fi ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìwé.

Òṣómàáló ni bàbá àgbà mi, ìwé gbèsè wọn ṣì wà nínú àpótí, pẹ́ńsù ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹni tó bá san tán wọ́n á fàlà sórúkọ ẹ̀. Mo jókòó tì í lánàá mo ń ka iye ẹni tó tètè san, ilẹ̀ ṣú mi ò mọ̀. Calculus, ìṣirò tó le tí statistics ń fẹ́, ló ń bà mí lẹ́rù, C ni mo gbà nínú ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ka statistics, ṣé mo lè ṣe é láì lo ọdún márùn-ún?